Akọ̀wé Kóòtù Tó Ń Gbẹ́jọ́ Táyà

Ní òpópónà tí wọ́n ti ń ta táyà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí Bàbá Sún-un-síwájú fi ra táyà alùpùpù kan ṣoṣo. Àwọn tí kò tíì dé àdúgbò nígbà náà pàápàá máa ń búra pé ìṣojú àwọn ni. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ìtàn tó bá dùn, kò sí ẹni tí kì í sí níbẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé alùpùpù rẹ̀ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Táyà, ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó nu awò ojú rẹ̀, ó sì ní òun ń wá táyà ẹ̀yìn, tuntun, tí kò wọ́n. Ọ̀gá Táyà gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e ka orí tábìlì. Ẹlòmíràn ì bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, kó béèrè iye rẹ̀, kó sanwó, kó máa lọ. Bàbá yìí fa àga, ó jókòó, ó kọjú sí táyà náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, ojú ẹlẹ́rìí ló sì fi ń wo gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀.

"Ṣé tuntun ni?" ó bi Ọ̀gá Táyà.

"Tuntun ni, bàbá."

"Tuntun láti ìgbà wo?"

Ọ̀gá Táyà rẹ́rìn-ín. Kò tíì mọ irú ẹni tó wọlé tọ òun wá. Ó ní bébà rẹ̀ ṣì wà lára, àti pé ilẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n rí. Bàbá náà ní òun gbọ́, àmọ́ bébà kọ́ ni òun ń bi léèrè. Ó fi àtàńpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ táyà náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kan òǹkà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà, ó sì ní kí Ọ̀gá Táyà wá kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n ń pè ní tuntun ti lé ní ọdún mẹ́fà lórí pẹpẹ.

"Ọmọ yìí ti tó fi sí iléèwé," ni bàbá náà wí. "Mo sún ẹjọ́ síwájú di Ọjọ́bọ̀." Ó dé akoto rẹ̀, ó lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó padà wá. Ọ̀gá Táyà ti wá òmíràn sílẹ̀ dè é, èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Bàbá náà ka òǹkà rẹ̀, ó mi orí, ó wá ki èékánná mọ́ rọ́bà náà. Èékánná kò wọlé. Ó ní rọ́bà tó bá le báyìí máa pẹ́ lẹ́sẹ̀ alùpùpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí ojú ọ̀nà, ó lè gbé èèyàn lọ síbi tí kò sọ pé òun ń lọ. Ó sún ẹjọ́ síwájú di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun rọ̀ jù, kò ní lò ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó jẹ tán. Nígbà náà, àwọn ọlọ́máṣíìnì tó ń gbé èrò ti ń dúró wòran lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan sì ti gbé àga wá láti ilé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́ wáyé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà kẹrin náà, kò sí ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo òpópónà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó àwọn olókìkí. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta rẹ̀ ló wà. Èékánná wọlé díẹ̀, rọ́bà sì padà sí àyè rẹ̀ nígbà tó yọ ọ́. Ìwúwo tó lè gbé tó bàbá náà, ó tó ẹni tó bá gbé sẹ́yìn, ó sì tó ẹrù. Ó dá táyà náà láre. Ìgbà náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iye, wọ́n sì sọ ọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Táyà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ mú un lọ ní iye tó bá wù yín."

"Rárá o," ni bàbá náà wí. "Ẹ dárúkọ iye. Mi ò lè bá ẹni tó ti sá lọ ná ọjà."

Ọ̀gá Táyà padà jókòó, ó dárúkọ iye, bàbá náà san án. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá, ó ní kóòtù ti parí. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé ní òpópónà táyà. Bàbá Sún-un-síwájú ló kù.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹjọ́ ọjọ́ náà kò dùn mọ́ nínú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló gbé sẹ́yìn wá, ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́, ẹ̀yìn òpó ló sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi ìwé bojú. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ pé, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ kì í bà á. Àmọ́ kò mọ ọjà ná. Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ló máa ń san, á sì tún dúpẹ́.

Ẹ má rò pé ahun ni bàbá náà o. Ahun a máa ra ohun tí kò dára nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò pọ̀, kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹnì kan wí fún un pé ẹni tí kò lówó kò lẹ́tọ̀ọ́ sí táyà tó dára. Ó máa ń ní ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀, ìbéèrè rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pọ̀. Ó máa ń gbé àyà sókè bó bá sọ ọ́, àwa tí a sì ń gbọ́, tí owó tiwa náà kò tó, àyà tiwa á gbé sókè pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun alùpùpù fẹ́ràn àlòkù. Táyà olókìkí tí ẹlòmíràn ti gùn gbó ni, wọ́n á fi òróró dúdú pa á lára títí á fi máa dán, wọ́n á sì máa fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe fáàrí kiri. Bàbá náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ki igi ìṣáná bọ ihò orí táyà láti fi wọn bó ṣe jìn tó, á sì fi ìṣáná náà hàn wọ́n. Ẹnì kan bá a jiyàn lọ́jọ́ kan pé orúkọ ńlá ni táyà òun ní.

"Orúkọ ńlá kì í di ilẹ̀ mú," ni bàbá náà dá a lóhùn. "Rọ́bà ló ń dì í mú."

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìyanu. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé oṣù mẹ́ta péré ni ọkọ òun fi wá òun wá tó fi ní kí àwọn fẹ́ra, kò sì bi òun ní ìdá mẹ́wàá ìbéèrè tó ń bi táyà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá náà, ó ní òótọ́ ni. Ó ní nígbà yẹn, ìyàwó òun ló ń béèrè ìbéèrè, òun ni ẹlẹ́jọ́, kò sì tíì gba òun láyè láti sọ̀rọ̀ dòní.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ló fi ṣe ìwé àkọsílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì funfun ló fi ń kọ ọ́, lọ́nà tó fi ń kọ̀wé ní kóòtù, lẹ́tà gbọọrọ tó dúró ṣánṣán. Ọmọ márààrún tí wọ́n bí wà lókè, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí wọn. Àwọn táyà wà lábẹ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọn. Kò fa ìlà kankan sáàárín. Ó ní gbogbo ohun tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí èèyàn mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bàbá ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ àkọ́bí wọn wá kí wọn, tíṣà àgbà ni, ẹni jẹ́jẹ́. Wọ́n ní kó jókòó ní pálọ̀, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Tíṣà kì í rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á. Ó ka orúkọ ọmọ márùn-ún, ó mi orí, ó tẹ̀ síwájú. Ó ka "Ẹ̀yìn Kìíní: kò gbọ́ràn, mo lé e lọ." Ó ka "Ẹ̀yìn Kejì: ó sìn mí ọdún kan ààbọ̀, ó bẹ́." Ó ka "Iwájú Kìíní: mo fi tọrẹ." Nígbà tó dé "Iwájú Kejì: ó gbó, mo gé e sí méjì, mo fi dí ojú gọ́tà," ó ti dìde, fìlà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìyá ilé ṣe wọlé, tíṣà fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí. Ó ní márùn-ún. Tíṣà ní mẹ́sàn-án ni òun kà. Ó gba nǹkan bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó làdí ọ̀rọ̀ náà fún un, wọ́n sì ní láti mú un dé ojú gọ́tà kó lè rí ẹ̀rí. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí bàbá náà jọ̀ọ́ bá òun wo táyà alùpùpù tòun náà. Ìgbéyàwó náà wáyé, ó sì ń lọ dáadáa dòní.

Nǹkan tí a fi ń yangàn jù nípa rẹ̀ ni pé kò dá ara rẹ̀ sí. Ọdún kan, ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbọ́ ẹjọ́ táyà ẹ̀yìn kan, ó sì fúnra rẹ̀ dè é mọ́ alùpùpù kó má bàa san owó iṣẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, alùpùpù yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú síwájú ẹnu ọ̀nà kóòtù gan-an, lójú àwọn lọ́yà tó ti kọ̀wé fún fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó. Kò tilẹ̀ wo orúnkún náà. Ó kúnlẹ̀ ti táyà, ó ń wá ẹjọ́ rẹ̀ kiri ara rọ́bà, títí tó fi rí ọfà kékeré tí wọ́n máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ táyà láti fi ibi tó yẹ kó máa yí sí hàn. Ẹ̀yìn ni ọfà náà kọjú sí. Ó ti dè é sódì, omi kò sì rí ọ̀nà jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ó délé, ó ní òun ni kò pe ẹlẹ́rìí kan, ẹlẹ́rìí náà sì ni ọfà. Ó ní kò tọ́ kí òun dá ẹjọ́ ara òun, kí ìyàwó òun jókòó kó dá a. Ìyàwó rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kó fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ méje. Bàbá náà rò pé ìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ tún un gbọ́, ó sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló fi rìn, ó sì dé akoto rẹ̀ sórí nínú gbogbo rẹ̀ kí èèyàn má bàa rò pé kò ní alùpùpù mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró pé kó gòkè kí òun gbé e, á ní wọ́n ṣeun, ẹ̀wọ̀n ni òun wà. Láti ìgbà náà, kò sí mẹkáníìkì kan lágbègbè yẹn tó máa de táyà kó má kọ́kọ́ wá ọfà.

Ọ̀gá Táyà ló yí padà jù. Ní ọdún àkọ́kọ́, bó bá gbọ́ ìró alùpùpù bàbá náà, á ní kí wọ́n sọ pé òun kò sí. Lọ́dún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òǹkà mẹ́rin náà fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà fún un, nítorí pé ojú a máa tì í bí wọ́n bá tún kà á fún un níwájú èrò. Lọ́dún kẹta, kò gba táyà tó ti gbó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́máṣíìnì mọ̀, wọ́n sì ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù márùn-ún kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iye ẹni tí kò ṣubú nítorí ẹnu bàbá kan, ta ló lè kà á? Ẹni tí kò ṣubú kì í mọ̀ pé òun ì bá ṣubú.

Ẹjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ kò parí. Ó lọ wo táyà kan sílẹ̀ nígbà tí ti ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ ṣì dára, nítorí kì í dúró de ìgbà tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀. Gbogbo ìbéèrè ni táyà náà dáhùn. Iye rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ní òun sún un síwájú di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì lọ sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì gun alùpùpù mọ́ láyé rẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tó fi wà lórí ibùsùn. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti di agbẹ̀bí nígbà náà, ilé ìwòsàn kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń lọ bẹ àwọn aboyún wò nílé wọn lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Bàbá náà fún un ní alùpùpù. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sán kan.

"Ilé yìí ò bà mí lẹ́rù, ìwọ náà ò bà mí lẹ́rù," ó ní. "Táyà ẹ̀yìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ó máa gbó lẹ́yìn mi, ọmọ yẹn ló sì máa lọ ra òmíràn."

Ìyàwó rẹ̀ ní ṣebí ó ti kọ́ ọ.

"Mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Bí ojú kò ṣe ní máa tì í ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́."

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọlọ́máṣíìnì sìn ín dé itẹ́ òkú, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní méjì méjì, kò sì sí ẹyọ táyà kan láàárín wọn tí ì bá dójú tì í.

Bó ti wí gan-an ló rí. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, orí táyà ẹ̀yìn ti dán. Òjò wẹ́wẹ́ kan rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí agbẹ̀bí ń lọ sórí òkè, alùpùpù yọ̀ ní kọ́nà, báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ fò sínú koríko. Ó gbé e dìde, ó ń tiro lọ. Nígbà tó dé ilé tó ń lọ, ọmọ ti dé ṣáájú rẹ̀. Orí ló kó ìyá ọmọ náà yọ. Agbẹ̀bí mọ̀ pé orí kì í ṣe iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́, òjò gidi sì ń bọ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti táyà kan tí kò wọ́n lọ.

Ọ̀gá Táyà gbọ́ ìró alùpùpù náà láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ti dìde kó tó rántí pé ẹni tó ń gùn ún tẹ́lẹ̀ ti lọ. Nígbà tó rí ọmọ bàbá náà, ojú rẹ̀ yí padà. Kò jẹ́ kó sọ ohun tó bá wá. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó yọ táyà kan lórí ìṣó tó so ó kọ́ sí, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e lé tábìlì.

"Bàbá rẹ ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti so ó kọ́ síbẹ̀. Ẹni mẹ́fà ló ti fẹ́ rà á. Mo ní ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Gbé e, ọmọ mi. Mi ò gbowó lọ́wọ́ rẹ."

Mẹkáníìkì tó wà níta mi orí. Àwọn ọlọ́máṣíìnì tó ti ń kó ara wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà náà mi orí. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ lára, omi sì ti yọ lójú agbẹ̀bí. Ó na ọwọ́ láti gbé táyà náà. Ṣùgbọ́n àtàńpàkò rẹ̀ kò gbé e, ńṣe ló ń tọ ẹ̀gbẹ́ rọ́bà lọ fúnra rẹ̀, títí tó fi kan òǹkà mẹ́rin. Lẹ́yìn òǹkà náà, ó kan nǹkan mìíràn, àwọn ìlà tínínrín tó ń sán wẹ́wẹ́ lára rọ́bà, bíi ti àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Gbogbo èèyàn ń wò ó. Kò sí òpó tó lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá dúpẹ́, tó gbé táyà náà lọ, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn, àfi àwọn obìnrin orí òkè tó máa dúró dè é nígbà òjò. Ojú tì í. Ojú tì í gidigidi, ìtìjú náà kò sì lọ. Pẹ̀lú rẹ̀ náà ló fi lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń jẹ́wọ́ lọ. "Tuntun láti ìgbà wo?"

Mẹkáníìkì gbé sípánà sílẹ̀. Ọ̀gá Táyà, tó ti ń ka òǹkà gbogbo táyà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, kò tún ti èyí kà láti ọjọ́ tó ti so ó kọ́, nítorí lójú tirẹ̀ kì í ṣe ọjà mọ́. Ó wá awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á sókè bíi ti àtijọ́. Táyà náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Bàbá náà kì í gba ohun tó bá ti lé ní méjì. Oòrùn ọ̀sán tó ń gba fèrèsé wọlé lójoojúmọ́ sì ti ṣe èyí tó kù.

Ọ̀gá Táyà jókòó. "Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní. "Mo gbé e síbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i."

"Ẹ ò bà á jẹ́, bàbá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dè é ni. Mo dá a láre." Ó gbé ọwọ́ kúrò lára táyà náà. "Ṣùgbọ́n kò lè gbé mi gun òkè."

Ọ̀gá Táyà dìde, ó gbé àkàbà, ó gbé òmíràn sọ̀ kalẹ̀, irú èyí tí kò sí ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀. Ó pé oṣù márùn-ún. Agbẹ̀bí fa àga. Ó ki èékánná mọ́ ọn, ó wo ìwúwo tó lè gbé, ó béèrè bó ṣe máa ń ṣe nínú òjò, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́máṣíìnì tó ti gùn ún rí bó ṣe pẹ́ tó kó tó jẹ. Nígbà tó béèrè iye rẹ̀, Ọ̀gá Táyà, tí ọkàn rẹ̀ ṣì wúwo, ní kó mú un ní iye tó bá wù ú.

Agbẹ̀bí jókòó dáadáa sórí àga. "Rárá o, bàbá. Ẹ dárúkọ iye. Mi ò lè bá ẹni tó ti sá lọ ná ọjà."

Ẹ̀rín bú nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó dé ìta, ó kọjá sí òdìkejì títì. Ọ̀gá Táyà rín in títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń fi àkísà táyà nu ojú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fa àga tirẹ̀ náà, ó sì dárúkọ iye kan tó ga débi pé àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ó fi bọ̀wọ̀ fún un ni, agbẹ̀bí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà bọ̀wọ̀ fún un padà, ó pe ìdajì.

Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, owó ọwọ́ rẹ̀ tó o, ó sì ṣẹ́kù. Ó dúró ti mẹkáníìkì títí tó fi fi ọfà hàn án. Táyà àtijọ́ náà padà sí orí ìṣó, àmọ́ inú lọ́hùn-ún tí oòrùn kò dé ni wọ́n gbé e sí báyìí. Bí àjèjì bá béèrè iye rẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń dá a lóhùn pé bàbá tó ni ẹjọ́ náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Agbẹ̀bí mú ṣọ́ọ̀kì, ó pa ilẹ̀kùn pálọ̀ dé, ó kọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún táyà náà sábẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ọwọ́ bàbá rẹ̀. Lẹ́tà tirẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, ó wá dúró tì í, ó ń kà á pẹ̀lú ìka, ó wá béèrè bó ṣe pẹ́ tó lọ́jà.

"Wákàtí méjì, màmá."

Ìyá rẹ̀ fi ìka pa eruku ṣọ́ọ̀kì tó dà sábẹ́ ìwé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nù. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀.

"Bàbá rẹ ì bá ní o kánjú," ó wí.